Àlàáfíà Tí A Lè Kà: Ìpinnu Ìlera fún Ìsinmi Gígùn

Nígbà tí ìdánwò BEPC àti ti baccalauréat bá ti parí, tí òjò sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ a ti ilẹ̀kùn ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé. Nínú ìwé Faransé tí a fi kọ́ wa, oṣù keje jẹ́ oṣù oòrùn, oṣù etí òkun àti ìrìn àjò afẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù keje ni ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà, tí koríko ń bo ebè iṣu, tí ẹ̀fọn sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ pinnu ohun tí yóò ṣe fún ìlera ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú òjò yìí, kì í ṣe láti inú oòrùn ẹlòmíràn.

Àwa olùkọ́ máa ń rí èso ìsinmi ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ kan a padà wá pẹ̀lú ara líle àti ojú tó ń dán. Òmíràn a ti rù, nítorí pé ó ta agbára rẹ̀ fún iṣẹ́ oko ní Benin tàbí ní Nàìjíríà, ó sì ń fi tramadol gbé ara ró kí ó má baà mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Òmíràn kì í padà mọ́ rárá. Ìjókòó rẹ̀ a ṣófo. A ó máa pe orúkọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó fa ìlà lé e. Nítorí ìlà yẹn ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni à ń wá gan-an?

Nígbà tí a bá ń kí ara wa, a máa ń béèrè pé: «Ṣé àlàáfíà ni?» Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì ti di ti gbogbo wa, àwọn Tem ní Sokodé náà ń fi í kí ara wọn. Kì í ṣe ibà nìkan ni a fi ń béèrè. Ara, ọkàn, ilé àti oko, gbogbo rẹ̀ ló kó mọ́ra. Nítorí náà, ẹni tó ti ìrìn àjò mú owó bọ̀, ṣùgbọ́n tí oorun kò kùn ún mọ́, kò tíì ní àlàáfíà.

Ìpinnu tí kò ní iye kì í pẹ́ di ìgbàgbé. «Màá tọ́jú ara mi» jẹ́ àdúrà rere, ṣùgbọ́n kò tíì di ìpinnu. «Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, màá fi fóònù sí yàrá ìyá mi, màá sì wọ abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn»: èyí ni ìpinnu, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, a lè sọ bóyá a ṣe é tàbí a kò ṣe é.

Orílẹ̀-èdè wa ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣẹ́gun rí. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Togo. Ní 2017, ó kan jàbùtẹ̀. Ní 2020, àìsàn oorun. Ní 2022, trákómà tó ń fọ́ni lójú. Bẹ́ẹ̀ ni Togo ṣe di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ayé tó mú mẹ́rin nínú irú àwọn àrùn tí a pa tì wọ̀nyí kúrò. Kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fún sòbìà. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, àti pé kí ẹni tó ní egbò má ṣe wọ inú omi tí ará ìlú ń mu, ni wọ́n fi lé e lọ, lójoojúmọ́, láti abúlé dé abúlé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìpinnu mẹ́rin

Èkíní ni oorun. Ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ẹni tó bá ń jí ní aago márùn-ún fún àdúrà òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́sàn-án kí ó tó sùn.

Èkejì ni àwọn àbúrò wa. Ní àkókò òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa gba ilé dé ilé ní agbègbè wa, wọn a sì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn tó ń dènà ibà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó lóṣù, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní nìkan ni òṣìṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n tó mọ̀wé gbà á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti rí i pé ọmọ lo ti ọjọ́ kejì àti ti ọjọ́ kẹta.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́. Àwa kò sọ pé kí ọ̀dọ́ má ṣe oko. Oko ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó bá ẹnikẹ́ni kọjá ààlà, ẹ jẹ́ kí a béèrè lójú àwọn òbí: Ta ni a ó ṣiṣẹ́ fún? Èló ni? Níbo ni a ó máa sùn? Ọjọ́ wo ni a ó padà? Bí ìdáhùn kan bá ṣókùnkùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a jókòó sílé. Oògùn tó ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé àárẹ̀ kò mú àárẹ̀ kúrò. Ó kàn ń yá agbára ọ̀la ná lónìí ni.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a fi ìrọ̀lẹ́ kan jókòó ti àgbà kan, kí a sì kọ òwe tàbí ìtàn kan sílẹ̀ ní èdè Kambolé gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà yóò rí etí tí yóò gbọ́ tirẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo.

Bí a bá kùnà lọ́jọ́ kan, kí a má ṣe da gbogbo rẹ̀ nù. Àgbẹ̀ tí òjò lé kúrò lóko ní ọjọ́ Ajé a tún gbé ọkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin òbí wa, ọwọ́ yín náà ni apá kan wà: ọmọ tó bá wà lóko láti àfẹ̀mọ́júmọ́ di alẹ́, lójoojúmọ́, kò ní wákàtí kankan tí yóò fi mú ìpinnu ṣẹ. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, a ó tún ṣí ìwé orúkọ. Ohun tí a ń fẹ́ kò ju pé kí gbogbo orúkọ tí a bá pè ní ẹni tí yóò dáhùn.