Kí Ìwé-Ẹ̀rí Yín Tó Wọ Bàálù
Ìlàlóye fún àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀gá tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Tòróńtò lè má gbọ́ orúkọ Àgọ́-Ìwòyè rí láyé rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá HND tí ẹ gbà n'Íjẹ̀bú-Igbó tó dìgírì tàbí kò tó o. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ fi wà lọ́hùn-ún tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí àlejò wò, tó sì ń sọ èyí tí ó bá dọ́gba lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Bìrìtéènì, UK ENIC ni. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ṣì ń pè é ní NARIC, torí orúkọ tó ń jẹ́ títí di 2021 nìyẹn. WES ni ẹ máa gbọ́ jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ gba máàkì ìwé tó kà nílé lórí Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ àlejò, gbọ́dọ̀ ní àbájáde àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Transcript ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró

WES kì í gba transcript lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ilé-ìwé gan-an ni kó fi ránṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn kan á gbà á fúnra wọn nínú àpòòwé, òǹtẹ̀ ilé-ìwé á wà lójú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá rọra fi abẹ ya á létí kí wọ́n lè wo máàkì wọn. Àánú wọn ń ṣe wá gan-an. Àpòòwé tó bá ti ya, ìwé ilé ló dà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò transcript yín kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ti jápa tán, àbúrò yín tó wà ní Abigi tàbí Ìwópin ni yóò máa san owó ọkọ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè léraléra, wọ́n sì lè ní kó mú lẹ́tà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ yín wá.

Ẹ̀yin tó jáde ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ṣáájú 2001, ẹ fara balẹ̀. Ogun State University ni wọ́n pe ilé-ìwé náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1982. Ní 2001 ló di Olabisi Onabanjo University. Bí sáàtífíkéètì bá ń jẹ́ ti àtijọ́, tí transcript ń jẹ́ ti ìsinsìnyí, ẹni tó jókòó sí Kánádà lè rò pé ilé-ìwé méjì ni. Ẹ ní kí ọ́fíìsì rẹ́jísírà kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé rẹ̀. Bákan náà ni fún ìyàwó ilé tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí sáàtífíkéètì, tí ti ọkọ wà lórí páásípọ́ọ̀tù: ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra kóòtù ni kó fi tì í lẹ́yìn.

Iṣẹ́ tó ń béèrè láísẹ́ǹsì

Ìwé UK ENIC nìkan kò lè sọ yín di nọ́ọ̀sì níbẹ̀. NMC ló ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, GMC ń ṣe ti dókítà, àwọn méjèèjì ló sì ní ìdánwò tiwọn. Ti olùkọ́ ti rọrùn díẹ̀: láti oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n ti ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn kan lára olùkọ́ wọn lè béèrè fún QTS, ìyẹn àṣẹ láti ṣe olùkọ́, ní England tààrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ajẹ́ńtì lówó kó bá yín “ṣètò” ìdánwò. Ní 2023 kan náà, NMC kéde pé àwọn fura sí èsì ìdánwò tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ní ibùdó kan n'Íbàdàn. Àti ẹni tó ṣe èrú, àti ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ kàwé, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Bí àbájáde àyẹ̀wò bá dé, tí wọ́n fi HND yín sí ipò tó kéré sí èyí tí ẹ retí, ẹ má ṣe kọ dìgírì sórí CV. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì so ẹ̀dà lẹ́tà náà mọ́ ọn.