ÈÉBÚ ALÁÌLÓRÚKỌ LÓRÍ FÓÒNÙ ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìjọrà, bí a bá yá owó ẹgbẹ́ láti ra fóònù fún ọmọ kí ó lè fi kàwé, ó yẹ kí a mọ ohun mìíràn tí ó ń bá fóònù wọlé.

Àwọn ìkànnì ìbéèrè kan wà, bíi NGL. Ọmọ yóò gbé àdírẹ́sì tirẹ̀ sórí WhatsApp pé kí àwọn ọ̀rẹ́ bi òun ní ìbéèrè. Ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tí ó wù ú láìdárúkọ. Ibẹ̀ ni èébú ti ń wọlé, ọmọ yóò sì máa fura sí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan NGL pé òun fúnra rẹ̀ ń kọ ìbéèrè ayédèrú sí àwọn ọmọ bí ẹni pé ọ̀rẹ́ wọn ni. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 5 mílíọ̀nù dọ́là, kí ó má sì gba ọmọ tí kò pé ọdún 18 mọ́.

Bí ọmọ yín bá ń dá jókòó, tí kò fẹ́ lọ sílé-ìwé mọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í. Ẹ má fi ìbínú gba fóònù rẹ̀. Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù pé a ó gbà á kò ní sọ̀rọ̀. Kí ó má dáhùn. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà pamọ́ kí ẹ tó pa á rẹ́. Bí ó bá di ìhàlẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀wọ̀n nínú fún un.

Ẹyin lohùn, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí àwọn náà má fi ba ọmọ ẹlòmíràn jẹ́.