Imí eṣú yàtọ̀ sí Akíntọ́lá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fi àwòrán ewé ránṣẹ́ láti oko: “Ẹ káàsán, Prof. Ṣé imí eṣú nìyí? Wọ́n ní kí màmá mi máa sè é mu.” Ewé Akíntọ́lá ló yà ránṣẹ́.

N ò bá a wí. Ẹbí ni àwọn méjèèjì: inú ìdílé Asteraceae tí ewúro àti yánrin wà ni wọ́n wà. Ohun tí à ń pè ní òdòdó kan lára wọn, òdòdó wẹ́wẹ́ púpọ̀ ló kóra jọ síbẹ̀, àwọ̀ wọn sì jọra: funfun, tàbí elése àlùkò tó ti ṣá.

Ara igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Imí eṣú kì í sábà ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Ó rọ̀, irun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Akíntọ́lá ní tiẹ̀ máa ń di igbó. Igi rẹ̀ le, ó ń ga ju èèyàn lọ, bí ẹ bá sì ṣán an, á tún hù láti ìdí.

Ẹ wá wo ewé. Etí ewé imí eṣú ní eyín kéékèèké tí kò mú. Ewé Akíntọ́lá ní igun mẹ́ta, iṣan ńlá mẹ́ta sì pín láti ìdí rẹ̀ bí àmúga. Àmì yìí ni mo rí nínú àwòrán yẹn. Bí òdòdó bá wà, ti imí eṣú kúrú, ó rí roboto bíi bọ́tìnnì; ti Akíntọ́lá gùn, ó sì tín-ín-rín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tèmi díẹ̀. Eṣú tó ń jẹ oko ló wà nínú orúkọ yìí: ohùn àárín, ohùn òkè. Èṣù òrìṣà, ìsàlẹ̀ méjèèjì ni. Mo ti gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tó kọ ojú ewé mẹ́ta nípa òrìṣà, torí pé “imi esu” tí kò lámì ló kà. Ti Akíntọ́lá, orúkọ olóyè S. L. Akíntọ́lá ni, Prẹmíà Ìwọ̀ Oòrùn tó kú ní 1966. Ewéko náà ti wà ní Nàìjíríà kó tó di Prẹmíà. Orúkọ ló dé lẹ́yìn.

Èsì tí mo fún ọmọ náà ni pé kí wọ́n má sè é. Ká tiẹ̀ ní imí eṣú gan-an ni, ó ní èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Tigray, ní Etiópíà, èso rẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ọkà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ so mọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀ tó pa èèyàn níbẹ̀. Màmá ti lọ rí dókítà. Ẹ̀yin náà, ẹ yẹ ewé wò dáadáa, ẹ sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀.