Agbára wo ni ká kọ́kọ́ ṣí? Ọ̀rọ̀ lórí eré Dead Cells

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré fídíò ń bi ara wọn, ọ̀kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju ìyókù lọ: agbára wo ni ká kọ́kọ́ ṣí fún akọni wa? Ọ̀pọ̀ eré ló máa ń pàtẹ agbára síwájú eléré bí alátẹ ṣe ń pàtẹ ọjà, tí á sì ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ẹni tó bá yàn dáadáa á rìn jìnnà. Ẹni tó bá yàn lódì á máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ títí eré náà á fi sú u. Eré kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé nínú rẹ̀ ni yíyàn ti le jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Dead Cells.

Ilé-iṣẹ́ Motion Twin, ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde láìtíì parí, kí àwọn eléré lè bá wọn dán an wò. Odindi rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2018, ó sì gba ẹ̀bùn eré ìjà tó dára jù lọ ní The Game Awards lọ́dún náà. Ó dé orí iPhone ní ọdún 2019, ó dé orí Android ní ọdún 2020, kò sì di dandan mọ́ kí èèyàn ní kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣe é. Èdè Faransé wà nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ láìsí ògbufọ̀.

Akọni tí à ń darí nínú eré náà kò ní orí. Ẹ̀dá kékeré kan ló wọ inú òkú ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti bẹ́ lórí, tó gbé e dìde, tó sì ń wá ọ̀nà la erékùṣù kan tí àjàkálẹ̀ àrùn ti bàjẹ́ kọjá. Ó ń fò, ó ń gùn, ó ń jà. Bó bá kú, ìrìn náà parí: ohun ìjà lọ, wúrà lọ, ó tún di inú ọgbà ẹ̀wọ̀n níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì tún jáde, ọ̀nà ti yí padà. Yàrá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ohun díẹ̀ ni ikú kì í mú lọ. Ìdí nìyí tí ohun tí a bá ṣí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Owó tí a fi ń ṣí nǹkan ni sẹ́ẹ̀lì, ohun róbótó aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọ̀tá kan máa ń já sílẹ̀ bí a bá pa wọ́n. A kò lè ná an níbikíbi. Láàárín agbègbè kan sí èkejì ni ibùsọ̀ kékeré kan wà, ibẹ̀ ni ẹnìkan tí a lè pè ní Olùkójọ ti ń gba sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá kú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti pàdánù gbogbo èyí tó kó lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ohun ìjà tuntun tí a bá rí lọ́nà: bí a kò bá gbé e dé iwájú Olùkójọ, ó nù nìyẹn.

Olùkójọ ní òfin méjì tí ọ̀pọ̀ eléré kì í fiyè sí. Èkíní ni pé ilẹ̀kùn iwájú kì í ṣí àfi bí a bá ná gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọwọ́ wa tán, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ṣì wà láti ṣí. Kò sí fífi pamọ́ di ọ̀la. Èkejì ni pé ó ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Bí ohun kan bá gba ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì, tí mẹ́wàá péré sì wà lọ́wọ́, a lè san mẹ́wàá náà lónìí, ká máa san ìyókù lẹ́yìn ikú kan sí òmíràn, ohun tí a ti san kò sì ní sọnù. Ó jọ àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, àyàfi pé níhìn-ín kò sí ẹni tó lè kó owó àjọ sá lọ.

Ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe bóyá ká ná an ni ìbéèrè náà. Èwo ni yóò ṣíwájú ni ìbéèrè.

Ìgò oògùn ni kó ṣíwájú. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, akọni náà kò ní ìgò kankan. Bí ọ̀tá bá ṣe é léṣe, ó di ohun tí yóò gbé kiri. Bí a bá ṣí ìgò àkọ́kọ́, ó lè mu oògùn lẹ́ẹ̀kan, ìgò náà á sì tún kún bó bá dé ibùsọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a lè ṣí i, a sì ń rí i gbà mu sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kò rò pé ọdẹ gidi kan wà ní ilẹ̀ Kétu tí yóò ra ìbọn kejì kó tó ní àdó kankan lára. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò mọ sórí pé oògùn ń gbani lọ́wọ́ ikú. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn ló ń dé agbègbè tó jìnnà, ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń bá ọ̀tá púpọ̀ pàdé, ẹni tó bá pa wọ́n ló ń kó sẹ́ẹ̀lì tí yóò fi ṣí nǹkan yòókù. Sẹ́ẹ̀lì tí a ná lórí ìgò ń bímọ. Èyí tí a ná lórí idà ẹlẹ́wà kì í sábà bí.

Àpò wúrà ni mo máa fi tẹ̀ lé e. Òun ni í jẹ́ kí apá kan nínú wúrà wa ṣẹ́ kù lẹ́yìn ikú, ká lè rí nǹkan gidi rà lọ́wọ́ oníṣòwò àkọ́kọ́ tí a bá bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ ohun ìjà ló ta kókó jù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n rí àwòrán idà tuntun, wọ́n sáré ṣí i, wọ́n rò pé idà náà ti di tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ìjà tí a bá ṣí ń bọ́ sínú igbá ńlá kan, eré náà ló sì ń ki ọwọ́ bọ igbá náà nígbà gbogbo tó bá fẹ́ fún wa ní nǹkan. Ká ní ohun ìjà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, tí méjì nínú wọn bá ọwọ́ yín mu: nínú ìgbà márùn-ún tí eré bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ lè retí ìgbà kan tí yóò mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹ bá wá ṣí mẹ́wàá mìíràn tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lò, ó ti di ìgbà kan nínú mẹ́wàá. Sẹ́ẹ̀lì yín ti lọ, ohun tí ẹ fẹ́ràn sì ti ṣọ̀wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó ṣí púpọ̀ ti tálákà ju ẹni tó ṣí díẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé ó ṣòro fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá láti gbà bẹ́ẹ̀.

Kí la wá fẹ́ ṣe, nígbà tí Olùkójọ kò ní jẹ́ ká kọjá láìná gbogbo sẹ́ẹ̀lì? Níbí ni sísan díẹ̀díẹ̀ ti wúlò. Àwọn ìgò kejì, ìkẹta àti ìkẹrin pẹ̀lú àpò wúrà gba sẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Ẹ máa da tiyín síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwòrán ohun ìjà tí kò wù yín dúró. Èyí tí Olùkójọ bá ti gbà lọ́wọ́ yín kò ní sọnù mọ́, kò sì ní bàjẹ́. Ọjọ́ kan á dé tí yóò ku ohun ìjà nìkan láti ṣí, ṣùgbọ́n nígbà náà ọwọ́ yín á ti mọ ohun tó bá a mu, ìgò mẹ́rin á sì ti wà lára yín. Àwọn kan ń sọ pé kí a má ṣí ohun ìjà kankan rárá títí dìgbà náà. Àṣejù nìyẹn. Bí ẹ bá ti gbé ohun ìjà kan tó wà nílẹ̀ nígbà ìrìn yín, tí ẹ sì rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n lò, ẹ mú èyí tó jọ ọ́ wọ inú igbá.

Irú agbára mìíràn wà tí sẹ́ẹ̀lì kò lè rà: àwọn àmì agbára tí akọni ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tá alágbára kan tó ń ṣọ́ wọn. Bí a bá ti gbà wọ́n, a gbà wọ́n títí láé. Àmì ìtàkùn, tó ń mú kí ìtàkùn hù láti ilẹ̀ ká lè gùn ún, wà ní agbègbè Promenade, lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìtàkùn yìí ló ń ṣí ọ̀nà sí kòtò omi olóró, níbi tí àmì kejì wà, èyí tó ń gbé wa láti inú pósí òkúta kan bọ́ sínú òmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń fọ́ ilẹ̀, ní ilé eegun òkú, àti èyí tó ń jẹ́ ká gun ògiri bí aláǹtakùn. Ọ̀nà tí a gbà ni yíyàn níhìn-ín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí eléré tuntun kọ́kọ́ wá àmì ìtàkùn, kódà bí ìrìn ọjọ́ náà bá tìtorí rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ìrìn tó bàjẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà kò ní kúrò lára rẹ̀.

Ti àwọn ìwé agbára aláwọ̀ mẹ́ta, pupa, elésè àlùkò àti àwọ̀ ewé, kò gba àlàyé púpọ̀. Yan àwọ̀ kan tó bá ohun ìjà rẹ mu, kí o sì dì í mú. Ẹni tó pín in dọ́gba á ní ẹ̀mí díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n idà rẹ̀ á kú, ìjà kọ̀ọ̀kan á sì gùn títí ọ̀tá á fi rí i mú.

Ohun kan wà nípa àwọn tó ṣe eré yìí tó yẹ kí a mọ̀. Láti ọdún 2001 tí Motion Twin ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀: òṣìṣẹ́ ló ni ilé-iṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà sì dọ́gba. Nígbà tí Dead Cells wá gbajúmọ̀, wọn kò gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn síṣẹ́. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fa ìtẹ̀síwájú eré náà lé Evil Empire lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní Bordeaux kan náà, kí àwọn lè wà ní kékeré. Àwọn náà mọ ilẹ̀kùn tí wọn kò fẹ́ ṣí.

Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń sanwó ká tó gba eré náà sórí tẹlifóònù. Wọ́n ń ta àwọn agbègbè àfikún lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ta sẹ́ẹ̀lì fún ọmọdé. Ẹ fi èyí wé àwọn eré tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, tó jẹ́ pé inú MoMo bàbá ni agbára ti ń jáde. Nínú ìyẹn, ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò nítumọ̀ mọ́. Àpò ló ń dáhùn, ọmọ náà kò sì ní yan ohunkóhun.

Ó ku yíyàn kan tó ṣáájú gbogbo ìyókù, kí a tó rí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, pẹ̀lú idà onípẹtà lọ́wọ́, wọ́n gbé ọrun kan àti apata onígi kan sílẹ̀ níwájú akọni náà, ọ̀kan ni kó mú. Apata ni èmi ń mú, nítorí pé ó ń kọ́ni láti wo ọwọ́ ọ̀tá kó tó balẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń mú ọrun, wọ́n ní apata dára fún àgbàlagbà.