Ọdún tí LSU gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀

Alẹ́ Sátidé ni, ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nílùú Baton Rouge, ìpínlẹ̀ Louisiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èrò tó ju 100,000 lọ kún Tiger Stadium dẹ́nu. Fásitì Alabama ló wá bá LSU, fásitì ìpínlẹ̀ Louisiana, ṣeré, àwọn tí ara LSU kì í gbà rárá. Nígbà tí eré parí, Alabama ní 29, LSU ní òdo. Ìgbà kẹjọ tẹ̀lé ara wọn nìyẹn tí Alabama ń fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀, àmọ́ èyí dùn wọ́n wọra, torí inú ilé ara wọn ni wọ́n ti jẹ ẹ́, lójú ìyá, lójú bàbá.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìyẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà àti ọmọkùnrin kan náà tó ń darí eré wọn lórí pápá gbé ife-ẹ̀yẹ àwọn fásitì gbogbo Amẹ́ríkà sókè ní New Orleans. Eré 15 ni wọ́n ṣe, wọ́n borí nínú 15.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, bọ́ọ̀lù aláwọ tó ṣe ṣónṣó lórí, tó ṣe ṣónṣó nídìí. Ènìyàn 11 ń kojú 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní ìgbà mẹ́rin láti fi sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba ìgbà mẹ́rin mìíràn, títí wọn yóò fi gbé e dé ìpẹ̀kun pápá. Ìyẹn ni touchdown, àmì 6 sì ni. Ọ̀nà méjì ló wà láti sún un. Alágbára kan lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà kó sì forí sọ àárín ogunlọ́gọ̀, tàbí kí quarterback, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, jù ú lókè fún ẹni tó ń sáré lọ níwájú. Ti ilẹ̀ ni LSU mọ̀. Bí bàbá àgbà tí kò fọkàn tán ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gbà pé ohun tó bá ti kúrò nílẹ̀ lè já bọ́ nígbàkígbà. Adẹ́yìnmú tó le àti ẹsẹ̀ tó yá ló ti fún wọn ní ife ní 2003 àti 2007, ó sì ti di ẹ̀sìn.

Ará ilé ni Ed Orgeron, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ìlú Larose ló ti wá, létí omi Bayou Lafourche, láàárín àwọn Cajun, ìran Faransé tó ń fi ẹja àti edé jẹun. Ohùn rẹ̀ ń hán bí ẹ̀rọ ìlọta tó gbó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é. Ní 1979 ó wá sí LSU gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n àárò ilé mú un, ó padà sílé kí ọ̀sẹ̀ tó pọ̀. Nílé, ṣọ́bìrì ló kàn án, ó ń gbẹ́ kòtò wáyà tẹlifóònù. Inú kòtò yẹn ló ti rí i pé bọ́ọ̀lù sàn, ló bá gba fásitì Northwestern State lọ.

Nígbà tóun náà di akọ́nimọ̀ọ́gbá, fásitì Ole Miss fún un ní ọdún mẹ́ta. Ó borí nínú eré 10, ó fìdí rẹmi nínú 25, wọ́n ní kó máa lọ ní 2007. Ní USC ní 2013, wọ́n fi í ṣe adelé, ó borí nínú 6 nínú eré 8, síbẹ̀ wọ́n mú ẹlòmíràn. Nígbà tí LSU lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Les Miles, lóṣù Kẹsàn-án 2016, adelé náà ni wọ́n tún fi Orgeron ṣe. Ìròyìn gbòde nígbà náà pé Tom Herman tàbí Jimbo Fisher ni ojú àwọn aláṣẹ ń wá. Herman gba Texas lọ, Fisher kò wá, iṣẹ́ sì já mọ́ Orgeron lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ni inú wọn dùn sí i. Lójú wọn, tòkunbọ̀ ni wọ́n rà nígbà tí owó ọkọ̀ tuntun kò pé. Nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Troy wá nà wọ́n 24 sí 21 nílé lóṣù Kẹsàn-án 2017, àwọn tó ń ráhùn rí ohun tí wọn yóò tọ́ka sí. Ẹ fi orúkọ Herman àti Fisher sọ́kàn o, a óò tún pàdé wọn.

Tòkunbọ̀ ni quarterback wọn náà. Joe Burrow dàgbà ní agbègbè Athens ní Ohio, níbi tí ìṣẹ́ ti ń bá ọ̀pọ̀ ilé fínra. Ọdún mẹ́ta ló lò ní fásitì Ohio State, orí bẹ́ǹṣì ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó jù nínú ìdíje fún gbogbo àkókò yẹn kò pé 40. Ọwọ́ rẹ̀ kán ní 2017, Dwayne Haskins sì gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti gboyè jáde, nítorí náà òfin gbà á láàyè láti lọ ṣeré níbòmíràn lójú ẹsẹ̀. Lóṣù Karùn-ún 2018 ó di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Louisiana. Sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò burú, kò sì dára débi kí ènìyàn máa pariwo. Touchdown 16 ló jù, ẹgbẹ́ náà borí nínú eré 10, wọ́n pàdánù 3. Òdo ti Alabama wà nínú mẹ́ta náà.

Lójú tèmi, inú yàrá ìpàdé ni ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ti ṣẹlẹ̀. Lóṣù Kìíní 2019, Orgeron gba Joe Brady síṣẹ́, ọmọ ọdún 29, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí orúkọ wọn kì í jáde nínú ẹgbẹ́ New Orleans Saints ní NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n ní kó wá ṣètò bí wọn yóò ṣe máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá lórí àga ni Steve Ensminger, ọmọ Baton Rouge, tóun fúnra rẹ̀ ti ṣe quarterback fún LSU láàárín 1976 sí 1979, nígbà tí wọn kò tíì bí Brady. Ẹ rò ó wò. Àgbàlagbà ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọ onílé, ni wọ́n mú ọmọ tó lè bí wá bá pé kí wọ́n jọ máa ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀. A máa ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ifẹ̀, àmọ́ mo mọ ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ òwe náà sára ògiri, tí ọmọdé ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ la ẹnu nípàdé. Ensminger la etí sílẹ̀. Òun ló ṣì jẹ́ ọ̀gá nínú pípe eré, Brady ń dá sí i, kò sì sí ìgbà kan nínú sáà náà tí ìjà wọn ta sí ìta.

Ohun tí Brady mú wá kì í ṣe idán. Tẹ́lẹ̀, LSU a kó ènìyàn jọ sáàárín bí ẹni ń wọ mólúè ní Ọjọ́bọ̀ ìparí oṣù. Àwọn adẹ́yìnmú náà á kó jọ pàdé wọn, ibẹ̀ á wá fún pinpin. Brady tú wọn ká. Ó ń rán ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láti etí pápá dé etí kejì, gbogbo ìbú rẹ̀ tó tó yáàdì 53, kó lè di dandan kí àwọn adẹ́yìnmú fi ẹnì kan sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń wá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ yá, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ nígbà tí òmìrán mẹ́rin ń sáré bọ̀ wá wó o lulẹ̀. Ó tún ń fẹ́ àwọn tó lè gba bọ́ọ̀lù lókè, àwọn wọ̀nyẹn sì wà nílé tẹ́lẹ̀, Ja'Marr Chase àti Justin Jefferson, ọmọ Louisiana méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí wọ́n ṣe tó.

Bàbá Burrow, Jimmy, tóun náà jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Ohio University, fẹ̀yìn tì níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kó lè máa rí eré ọmọ rẹ̀. Àbí ta ló sọ fún un pé nǹkan ńlá ń bọ̀?

Ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án 2019, Austin, nílé Texas. Tom Herman tí a ní ká fi sọ́kàn ló dúró lódì kejì. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, LSU ní 37, Texas ní 31. Ìgbà kẹta ló kan LSU, yáàdì 17 ló sì kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ sún. LSU àtijọ́ á kó bọ́ọ̀lù fún ẹnì kan, á jẹ́ kí aago máa lọ, á gbá bọ́ọ̀lù nù, á wá máa gbàdúrà pé kí adẹ́yìnmú gba òun. Gbogbo ará Texas tó wà níbẹ̀ ló ń retí ìyẹn. Burrow gba bọ́ọ̀lù, àwọn adẹ́yìnmú ya bò ó, ó sún díẹ̀ sápá kan, ó jù ú sí Jefferson láàárín. Jefferson yí padà, ó sá yáàdì tó kù títí dé ìpẹ̀kun, 61 lápapọ̀. Eré náà parí sí 45 sí 38. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìgbà tí wọ́n gba ife náà, ọjọ́ yẹn ni n ó dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré kejì nínú 15 ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, òjò àmì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n na Northwestern State, ilé ẹ̀kọ́ Orgeron fúnra rẹ̀, 65 sí 14. Florida, 42 sí 28. Auburn nìkan ló fẹ́ dá wọn dúró, 23 sí 20. Kí n má parọ́, ẹ̀yìn ilé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tì dáadáa: Vanderbilt jẹ 38 mọ́ wọn lára, Ole Miss jẹ 37. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ 66 àti 58 lè fara da ìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, wọ́n lọ bá Alabama nílé. Ààrẹ Donald Trump wà lórí ìjókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sinmi, LSU ti ní 33, Alabama ní 13. Alabama padà wá bí ẹranko tó gbọgbẹ́, ó ku díẹ̀ kó lé wọn bá. Ẹni tí kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni Clyde Edwards-Helaire, ọmọ Baton Rouge tí kò ga, tí ẹnì kan bá fọwọ́ bà á báyìí, ẹnì kejì á yọ̀ ṣubú. Touchdown mẹ́rin lòun nìkan gbé wọlé. 46 sí 41. Ọdún mẹ́jọ tí ìyà náà ti ń jẹ wọ́n dópin, wọ́n gbé Burrow lé èjìká kúrò lórí pápá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe eré ìkẹyìn nílé, Burrow jáde wá pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n kọ “Burreaux” sí lẹ́yìn. Bí àwọn ará Louisiana ṣe ń kọ orúkọ tó parí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, lọ́nà ti Faransé. Ọmọ Ohio ti gba orúkọ ilé, kò sì sí Yorùbá tó nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ohun tí ariwo èrò ń sọ. Texas A&M ni àlejò ọjọ́ náà, tó ti nà wọ́n 74 sí 72 lọ́dún tó ṣáájú lẹ́yìn àfikún àkókò méje. Jimbo Fisher ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. LSU nà wọ́n 50 sí 7.

Wọ́n na Georgia náà 37 sí 10 ní Atlanta. Lóṣù Kejìlá, Burrow gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù fásitì tó ta yọ jù, èkejì tí LSU máa ní, lẹ́yìn ti Billy Cannon ní 1959. Níbi tó ti ń dúpẹ́, omi lójú rẹ̀, ó dárúkọ àwọn ọmọ Athens tó ń ti iléèwé dé tí kò sí oúnjẹ lórí tábìlì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn dá owó tó ju $500,000 fún ilé ìpín-oúnjẹ ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bá Oklahoma ṣe eré tó ṣáájú àṣekágbá, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan já bọ́ ní Lafayette. Aya ọmọ Ensminger, akọ̀ròyìn eré ìdárayá, wà nínú àwọn tó kú. Orgeron ló sọ fún un. Ensminger gùn lọ sókè sí yàrá tó ti máa ń pe eré, ó jókòó, ó ń pe é. Touchdown méje ni Burrow jù kí wọ́n tó lọ sinmi. 63 sí 28. Èmi kò mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe é.

Eré àṣekágbá bọ́ sí New Orleans, ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ sí Baton Rouge, lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní 2020. Clemson ni alátakò, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò borí nínú eré 29. Ẹkùn ni wọ́n ń pe LSU, ẹkùn ni wọ́n ń pe Clemson. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló tún ń pe pápá ilé wọn ní Àfonífojì Ikú. Clemson kọ́kọ́ ṣíwájú 17 sí 7. Chase wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba bọ́ọ̀lù lókè bí ẹni ń ká ọ̀gẹ̀dẹ̀, yáàdì 221 lálẹ́ ọjọ́ kan, Burrow sì ju touchdown márùn-ún. 42 sí 25. Touchdown 60 ló fi parí sáà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì jù tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà nínú sáà kan ní ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù fásitì.

Lẹ́yìn eré, Odell Beckham, ọmọ LSU àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ná àwọn agbábọ́ọ̀lù lówó lórí pápá. Lọ́dọ̀ wa, ta ni yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Àmọ́ òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù fásitì gba kọ́bọ̀ yàtọ̀ sí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Iléèwé náà kọ́kọ́ sọ pé ayédèrú owó ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gidi.

Ilé náà tú láàárín oṣù mẹ́rin. Brady gba Carolina Panthers lọ, Dave Aranda tó ń tọ́jú ẹ̀yìn ilé gba Baylor. Agbábọ́ọ̀lù 14 ni àwọn ẹgbẹ́ NFL ṣà lóṣù Kẹrin 2020, Burrow ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Chase ní òun kò ní ṣeré lọ́dún àrùn Kòrónà. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2020, tí wọn kò jẹ́ kí èrò kún Tiger Stadium nítorí àrùn náà, Mississippi State wá bá wọn nílé, ó nà wọ́n 44 sí 34. Yáàdì 623 ni quarterback àlejò náà, K.J. Costello, jù, gbogbo rẹ̀ lókè.