Àfòpiná Tó Wọ Ẹ̀wù Agbọ́n

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo bí àfòpiná ṣe ń rọ́ sínú iná yìí. Ìdílé wọn kan wà tí kì í sábà bá wọn wá síbẹ̀, torí ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, ni tirẹ̀. Sesiidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà. Irú wọn tí wọ́n ti mọ̀ láyé lé ní 1,000, ìyẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí ewé láti òdìkejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Sesia apiformis ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ìlà dúdú àti ìlà aláwọ̀ ìyeyè dábùú ikùn rẹ̀, ó sì tóbi tó agbọ́n ńlá. Bí wọ́n bá dà á láàmú, á fò fìrì bíi ti agbọ́n. Ẹyẹ tí agbọ́n ti ta rí kò ní dúró wádìí. Bẹ́ẹ̀ kò lóró rárá, kò sí ohun tó lè fi ta ẹnikẹ́ni!

Bó ṣe ń jáde sáyé ló yà mí lẹ́nu jù. Ìdí igi poplar ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ìdin tó bá pa níbẹ̀ á gbẹ́ ọ̀nà wọ abẹ́ èèpo, á máa jẹ igi nínú òkùnkùn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá di Oṣù Kẹfà tàbí Ìkeje, láàárọ̀ kùtù, á ti ara rẹ̀ síta. Awọ tó bọ́ á há sẹ́nu ihò, ìdajì nínú, ìdajì níta. Á gun igi díẹ̀, á na ìyẹ́ kó gbẹ. Ẹ wò ó dáadáa: ìyẹ́ yẹn kò tíì mọ́. Lẹ́búlẹ́bú ṣì wà lára rẹ̀, irú èyí tí labalábá fi ń kun ìka yín. Fífò àkọ́kọ́ ló ń gbọ̀n ọ́n dànù. Ìgbà yẹn ló tó di agbọ́n lójú gbogbo ayé. Ta ló kọ́ ọ?

Àgbẹ̀ Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà kò ní bá mi yìn wọ́n ṣá. Ìdin àwọn mọ̀lẹ́bí wọn kan níbẹ̀ ń gbẹ́ ìdí ìtàkùn ànàmọ́, ìdí náà á sì wú.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Ní 1887, wọ́n mú ọ̀kan nínú ìdílé yìí ní erékùṣù Sumatra, wọ́n gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Vienna. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, tó tún ti bàjẹ́, ni ayé ní. Ó lé ní 120 ọdún tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó irú rẹ̀ mọ́. Àfi 2013, tí Marta Skowron Volponi, ọmọ ilẹ̀ Poland, rí Heterosphecia tawonoides yìí létí odò nínú igbó Malaysia: ara búlúù tó ń dán, ẹsẹ̀ onírun bíi ti oyin. Àárín oyin gan-an ló wà, tó ń bá wọn mu omi inú iyanrìn. Bó bá sì gbéra, ó ń kùn bíi tiwọn. Obìnrin náà yà á sí fídíò níbẹ̀, láàyè, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí.