Ajá Kékeré Nínú Ọyẹ́ Kàbà

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ilẹ̀ Okun, tí eruku rẹ̀ sì bo àwọn òkè àpáta agbègbè Kàbà, kì í ṣe ènìyàn nìkan ni òtútù ń mú. Ajá kékeré tí ó tẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ sí oko ní ìdájí a máa gbọ̀n pẹ̀lú. Ìtumọ̀ gbígbọ̀n yìí ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn ọdẹ kan gbà pé ojo ni ajá bẹ́ẹ̀, pé bí ó bá ń rìn títí, ara rẹ̀ yóò le. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti rí ajá tí ó wọ ẹ̀wù nínú sinimá òyìnbó ní tiwọn fẹ́ kí a máa wọ ẹ̀wù fún gbogbo ajá. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì kan ìdí ọ̀ràn.

Ìwọ̀n ara ni ìdí rẹ̀. Bí a bá bu ẹ̀kọ gbígbóná láti inú ìkòkò sínú ife, ti inú ife yóò ti tutù nígbà tí ti inú ìkòkò ṣì ń jóni lẹ́nu. Olùkọ́ lè fi ìṣirò là á yé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ 1 ní ojú ara 6 fún inú 1. Èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 2 ní ojú ara 24 fún inú 8, èyí ni pé 3 péré ni ó kan inú kọ̀ọ̀kan. Ojú ara ni ooru sì ń gbà sá lọ. Ní ọdún 1883, Max Rubner, onímọ̀ ará Jámánì, wọn ooru tí àwọn ajá ńlá àti kékeré ń pèsè. Ó rí i pé lórí kílò kọ̀ọ̀kan, ajá tí kò ju nǹkan bí kílò 3 lọ ń pèsè ju ìlọ́po méjì ooru ti ajá tí ó tó kílò 30. Oúnjẹ sì ni igi ìdáná ooru náà. Ẹni tí ó bá mú ajá kékeré jáde ní ìdájí láìfún un ní oúnjẹ ń fẹ́ ààrò tí kò sí igi nínú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, gbígbọ̀n kì í ṣe ojo. Iṣan ara ni ó ń ṣiṣẹ́ kí ooru má baà wálẹ̀ kúrò ní dígírì 38 sí 39 tí ó yẹ ajá. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Kàbà lè tutù ju dígírì 20 lọ, síbẹ̀ kò lè ṣe àgbà ajá tí ara rẹ̀ dá ní ohunkóhun níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń rìn, nítorí ìrìn fúnra rẹ̀ ń pèsè ooru. Ìgbà tí ó bá dúró ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Olówó rẹ̀ so ó mọ́ ìdí igi, ó sì wọ inú oko lọ. Tàbí ajá náà ti la odò kọjá, irun rẹ̀ sì tutù, afẹ́fẹ́ wá ń fẹ́ lù ú. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tí ó móoru lọ, láti orí òkè ni ó sì ti ń ṣàn wá sí àfonífojì lóru. Oko etí odò a máa tutù ju ilé ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Ti ọmọ ajá tí kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ tún burú jù, nítorí kò tilẹ̀ tí ì mọ bí a ti ń gbọ̀n.

Ọyẹ́ ní ẹ̀tàn kan tí òtútù ìlú òyìnbó kò ní. Ajá tí ó ń gbọ̀n ní ìdájí lè máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn ọ̀sán, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì fa omi ara rẹ̀ tán. Kí a gbé omi dání. Bí eruku bá sì bo ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Lọ́kọ́já, awakọ̀ kò lè tètè rí ajá kékeré. Okùn ọrùn ajá wúlò níbẹ̀ ju ẹ̀wù lọ.

Ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Chicago, níbi tí òtútù ti lè wálẹ̀ ju dígírì 0 lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀wù kì í ṣe fáàrí níbẹ̀ fún ajá kékeré tí irun rẹ̀ kò gùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè jẹ́ ìnira fún èyí tí irun rẹ̀ kì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú pópó nítorí yìnyín a máa ta ajá láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀, bí ó bá sì lá a, ó ń ṣe inú rẹ̀ ní ibi. Omi ìmọ́tò tí kì í dì, tí adùn wà lẹ́nu rẹ̀, lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ títí yóò fi kú. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ajá, tí wọ́n sì ń nù ún gbẹ, bí ó bá ti wọlé.

Ní Kàbà, àpò gbígbẹ tí a tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì fún ajá láti sùn lé, oúnjẹ díẹ̀, àti sùúrù kí oòrùn yọ kí a tó jáde ti tó. Bí ọmọ ajá tí ó ti ń gbọ̀n bá ṣàdédé dákẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tí kò sì fẹ́ rìn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ara rẹ̀ ti yá. Agbára rẹ̀ ni ó ti tán. Kí a gbé e kúrò nílẹ̀, kí a fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí a gbá a mọ́ àyà, kí a má ṣe gbé e sún mọ́ iná, kí a sì tètè wá oníṣègùn ẹranko.